Ohùn Bàbá Ní Ẹnu Ilẹ̀kùn

Òjé yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná, ó ń dán bí omi ojú, Abọ́sẹ̀dé sì fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó lè tètè dì. Ìyẹn ni wáyà tó kẹ́yìn. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń tú gbogbo wáyà ilẹ̀ inú àpótí náà, ó sì ti wá so gbogbo wọn mọ́ ìdí ìṣó kan ṣoṣo, nítorí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ pé bí wáyà ilẹ̀ bá ní ibùdó méjì, ariwo a máa rìn láàrin wọn bí olófòófó láàrin orogún.

Páànù bísíkíìtì àtijọ́ ni àpótí náà, àwòrán ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín ṣì wà lára ìdérí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba ohùn tí kò lágbára, kí ó gbé e dìde, kí ó sì fà á lé ẹ̀rọ ńlá lọ́wọ́. Agbéhùnró ni ó ń pè é. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣe é, ṣe ni ó ń kùn bí ilé oyin. Ó lọ́ àwọn wáyà mọ́ra wọn bí ẹni ń di irun. Ó gbé e kúrò lórí iná ilé, ó fi í sórí bátìrì. Ó tú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí ìyá rẹ̀ lò kí ó tó kú, ó mú ẹ̀yà kékeré kan níbẹ̀ tí kì í pariwo, ó sì fi í sí ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. Kíkùn náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi kọjú sí àwọn wáyà ilẹ̀ lónìí.

"Ẹ sọ̀rọ̀, Bàámi," ni ó wí.

Bàbá Ọlátẹ́jú jókòó sórí àga onítìmùtìmù lẹ́bàá fèrèsé, fìlà rẹ̀ lórí, máìkì tí kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ lára àyà bùbá rẹ̀. Àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn rẹ̀ lọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Èyí tó kù kò ju ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì.

"Kí ni kí n sọ?" ni ó bi í. "Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí ti ń ní kí n dákẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí yín. Òní lẹ wá ń bẹ̀ mí."

Sípíkà kékeré orí tábìlì bá a sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, kò sí oyin mọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abọ́sẹ̀dé kí ó tó lè dá a dúró. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì yọjú wo ìkóríta. Ọ̀pá-etí tí ìjọba rì síbẹ̀ láti fi ṣọ́ òfin ìdákẹ́rọ́rọ́ ti gbọ́. Iná orí rẹ̀ kúrò ní búlúù, ó pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí bó ti wà. Abọ́sẹ̀dé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Kò tí ì pẹ́ tí wọ́n kó ìdílé tó wà ní òdìkejì ọ̀nà lọ sí ilé aláriwo lẹ́yìn ìlú, nítorí ìkókó wọn ń yọ eyín, wọn kò sì ní padà títí eyín náà yóò fi yọ tán. Ẹlẹ́kọ kan ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, ó gbé pátákó kékeré tó ń tan àwòrán ẹ̀kọ sókè, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Abọ́sẹ̀dé ní ó dára, kí Bàbá wá gbàdúrà díẹ̀, nítorí àdúrà ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà fún. Àwọn méjèèjì di ojú. Gbólóhùn kìíní jáde geere. Lẹ́yìn náà, bí ẹni da ẹní bo ẹnu kànga, ohùn náà rì. Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ tó ń wúyẹ́wúyẹ́ nísàlẹ̀, kí àpótí náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ìhu gígùn tó ń mú kí eyín kan ni. Ó na ọwọ́, ó já bátìrì, ó sì la ojú. Bàbá jókòó bó ti jókòó, fìlà lórí, ó ń wò ó tàánútàánú.

"Ó tún ti ṣe é," ni Bàbá wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń ṣe. Bí Bàbá bá ń ṣàwàdà, tàbí tó ń ráhùn pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀, ohùn rẹ̀ a dára. Kí ó ṣáà ti gbàdúrà, àpótí a dìde sí i. Abọ́sẹ̀dé ti pààrọ̀ èyí, ó ti pààrọ̀ tọ̀hún. Nígbà tí ọgbọ́n tán, ó tilẹ̀ fi òróró àdúrà ra ìdérí páànù náà, ojú sì tì í lẹ́yìn rẹ̀, torí ó mọ̀ pé wáyà ni Ọlọ́run ní kí òun tún ṣe.

Ọ̀la, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, ni ìjọ yóò fi àdúrà sin Tèmídire, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé bí, lọ sí Odi-Òkun. Wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn tí ń tọ́jú ògiri ńlá tó dí òkun lọ́nà, kí omi má baà gbé ìyókù ilẹ̀ etíkun mì. Iṣẹ́ iyì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ kì í tètè padà, ìròyìn ilé kì í sì í dé ọ̀hún, nítorí ìjì orí omi a máa já a sí wẹ́wẹ́. Ohun tí èèyàn bá gbé lọ nínú ìlẹ̀kẹ̀-etí rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn pamọ́, nìkan ni yóò máa gbọ́. Bàbá Ọlátẹ́jú ni àgbà ilé. Òun ló tọ́ kó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí kó sì súre fún un. Gbogbo wọn ló mọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó sọ ọ́, pé kí Tèmídire tó padà, àga ẹ̀bá fèrèsé lè ti ṣófo.

Nínú ilé ìsìn, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn lásán mọ́. Gbogbo ìjọ ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí etí, ìlẹ̀kẹ̀ náà a sì sé gbogbo ohùn ayé mọ́ ìta, àfi èyí tí Ilẹ̀kùn Ohùn, ẹ̀rọ ìjọba tó wà lára ògiri, bá gbà wọlé. Èyí tó bá mọ́, a kọjá. Èyí tí ariwo bá wà nínú rẹ̀, Ilẹ̀kùn a tì, a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni náà, a sì fi ohùn àyálò sọ ọ́. Ohùn kan náà ni gbogbo ìlú ń yá: ohùn obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò bí, tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀, tó sì ń kìlọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ọdún tó kọjá ni Bàbá Ẹkúndayọ̀ fi ohùn náà súre fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wọkọ̀ ní ọ̀sán, ohùn tó súre fún un ló tún sọ fún un pé kó di bẹ́líìtì. Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín títí. Abọ́sẹ̀dé kò rẹ́rìn-ín.

Tèmídire jáde láti yàrá, aṣọ tó fẹ́ dì sínú àpò wà ní apá rẹ̀. Ó wo àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ohùn àyálò. Ọ̀rọ̀ náà ṣáà ni yóò jẹ́."

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́, aṣọ ni ó ń ká, kò sì gbé ojú sókè. Abọ́sẹ̀dé ní kó lọ parí ẹrù rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohùn wò, ti ní òun ń bọ̀ wá wo àpótí náà kí oòrùn tó wọ̀. Abọ́sẹ̀dé gbé òṣùwọ̀n kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ jáde, ó so ó mọ́ agbéhùnró, ó sì rí i pé ọ̀nà kan ló kù: kí òun máa wo abẹ́rẹ́ náà bí Bàbá ti ń gbàdúrà, kí òun lè mọ ibi tí ohùn ti ń ṣubú gan-an. Èyí kò rọrùn fún un. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá la ojú nígbà àdúrà, ṣe ló ń ṣọ́ Ọlọ́run bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó sì fi èékánná kọ́ ọ, ní ibi ẹran apá. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, ewú ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, kò sì tí ì rí bàbá rẹ̀ rí nígbà tí ó bá ń gbàdúrà.

"Bàámi, ẹ foríjì mí. Mo fẹ́ la ojú."

"Ọlọ́run pàápàá kì í di ojú," ni Bàbá dá a lóhùn. "Wo ohun tó o bá fẹ́ wò."

Bàbá tẹrí ba. Ó pe orúkọ Olúwa, abẹ́rẹ́ sì dúró dáadáa. Nígbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e wá sí àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Abẹ́ fìlà náà gan-an ni máìkì wà. Abẹ́rẹ́ ṣubú.

Ó yẹ kí Abọ́sẹ̀dé já bátìrì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Bàbá dá a dúró. Gbogbo ìlà ojú àgbàlagbà náà ti tú, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, ó dà bí ọmọ tó jókòó lórí eékún bàbá rẹ̀ tó ń ròyìn ohun tí ó rí lójú ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti kúnlẹ̀ pọ̀ nínú ilé yìí, ojú yìí ló ti wà ní iwájú rẹ̀, òun ló ń di ojú tirẹ̀. Ìgbà tí àpótí hu ni ó tó rántí ara rẹ̀.

Ó já bátìrì, ó jókòó sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ti dé fìlà padà kí ó tó la ojú. Ó bi í pé kí ló dé.

"Fìlà yín ni, Bàámi."

"Kí ni fìlà mi ṣe?"

Nígbà tí ó ṣàlàyé fún un, Bàbá ṣí fìlà náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi í lé òun lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ọkùnrin kì í dé fìlà gbàdúrà. Bí gbogbo wọn ti ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé e lọ lẹ́yìn tó bá ṣí i, òun pàápàá kò mọ̀, nítorí ojú òun náà a ti dì. Ìjọ odidi kò mọ̀. Bóyá ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ sinmi mọ̀, Abọ́sẹ̀dé rò ó lọ́kàn, nítorí ó dá a lójú pé ẹni tó mọ èékánná lò bẹ́ẹ̀ ní láti máa la ojú nígbà mìíràn.

Wọ́n gbé fìlà sórí tábìlì, wọ́n tún un gbà. Bàbá ṣe gbólóhùn kan, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò dì mú, ọ̀rọ̀ sì sá. Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni wọ ààfin lọ láìkúnlẹ̀. Wọ́n gbé máìkì sí ìsàlẹ̀ ọrùn. Èémí nìkan ló gbọ́. Níkẹyìn, Abọ́sẹ̀dé mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó tú ìtẹ́nú fìlà náà díẹ̀, ó fi máìkì sí inú rẹ̀, ó sì rán an padà. Bí ọwọ́ náà kò bá yé gbé fìlà lọ sí àyà, kí fìlà kúkú máa gbé máìkì lọ.

Bàbá tún gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Abọ́sẹ̀dé kò mọ ìgbà tí ó dìde dúró.

Kì í ṣe ewé gbígbẹ ló jáde nínú sípíkà. Ó gbó, ó sán ní ibì kan, ó ń gbọ̀n ní ibì kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn tó máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni, kí òfin ìdákẹ́rọ́rọ́ tó dé, nígbà tí ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn máa ń gbọ́ ọ láìlo ohunkóhun. Ọ̀fun ti bàjẹ́, àyà kò sì mọ̀. Lábẹ́ ohùn náà, bí ẹni ń rọra kan ilẹ̀kùn, ohun kan ń ṣe kì, kì, kì.

Ó kọ́kọ́ rò pé wáyà kan ló tú. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ìyí, ó tẹ́tí. Àyà Bàbá ló ń lù.

Ó mọ bí a ti ń lé e. Bí ó bá fi kàpásítọ̀ tó kéré rọ́pò èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kò ní rí ibi kọjá. Ó ṣe é. Lílù náà lọ lóòótọ́, ilẹ̀ abẹ́ ohùn náà sì bá a lọ. Ewé gbígbẹ tún padà dé. Ó yọ ọ́, ó dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Bí ó ti ń fẹ́ òjé ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin wọlé pẹ̀lú bàtà onírọ́bà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀, tí èèyàn kì í gbọ́ ìró rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun àti Abọ́sẹ̀dé ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà èwe, òun ló máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó kí Ìyá Tèmi kú iṣẹ́, ó gbé òṣùwọ̀n ìjọba sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́. Nígbà tí Bàbá gbàdúrà, ọkùnrin náà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lórí ìlà pupa gẹ́lẹ́. Bí àyà bá lù, a fò kọjá. Bí ó bá sinmi, a padà.

Ó ní ohùn yìí dára, pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ariwo ni àyà tó ń lù. Òun lè fọwọ́ sí àpótí náà, nítorí kò tí ì ré ìlà kọjá tán; Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìdájọ́ lọ́la. Bí àyà Bàbá bá rọra lù, yóò gbà á. Bí ó bá yára, yóò tì láàrin ìre.

"Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjọ ń sin èèyàn," ni ó wí. "Ọmọ yín á gbé ìdajì Bàbá lọ sórí omi, ìdajì yòókù á jẹ́ ti ọkọ̀ èrò. Ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Tèmi."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó fi í sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin òjé. Asẹ́ ni. Ó máa ń jọ ohùn bí ẹni jọ èlùbọ́: lílù àyà, èémí, gbígbọ̀n, gbogbo rẹ̀ a kù sókè, ohùn tó kúnná a sì kọjá. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí òun máa fi sílẹ̀ nílé èèyàn, ó ní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sínú àpótí, kò sí Ilẹ̀kùn tí yóò kọ̀ ọ́.

Abọ́sẹ̀dé bi Bàbá léèrè ohun tí ó rò. Bàbá ní kí wọ́n ṣe èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

"Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kì í lo ìlẹ̀kẹ̀-etí."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ohùn jáde, bí àwọn èèyàn ìjọba ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó lọ tán, Abọ́sẹ̀dé jókòó ti asẹ́ náà. Ìjà náà kì í ṣe ti Bàbá, tirẹ̀ ni. Ta ni òun tí yóò fi ìre ọmọ òun ta tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí Ilẹ̀kùn bá tì, kò sí bí yóò ṣe ṣàlàyé fún Tèmídire, kò sí ìgbà mìíràn tí yóò fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì gba inú igbó kọjá, ṣé ìgbàgbọ́ ni à ń pè é ni, tàbí agídí? Ó gbàdúrà kúkúrú, kò rí ìdáhùn gbà, ó sì mú irin òjé.

Ó fi asẹ́ sí àyè rẹ̀. Ó bẹ Bàbá kó dárí jì òun, kó tún sọ díẹ̀ sí i.

Ohùn tó jáde dán bí omi odò orí àpáta. Ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ọdún ló ń gbàdúrà nínú páànù bísíkíìtì náà, kò wúkọ́, kò gbọ̀n, kò mí. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n jókòó jìnnà sí ìlà. Abọ́sẹ̀dé rò ó pé bóyá ohùn tí ìyá òun gbọ́ tó fi gbà láti fẹ́ ẹ nìyí. Ó lẹ́wà débi pé ó ti na ọwọ́ mú ìdérí páànù kí ó pa á dé.

Tèmídire yọ orí láti yàrá.

"Ta nìyẹn?" ni ó bi wọ́n.

Ó wo Bàbá, ó wo fìlà tó wà ní àyà rẹ̀, ó wo sípíkà. Nígbà tí ó yé e, ó ní ó dára gan-an, ó sì padà wọlé, ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé ti rí ojú rẹ̀. Ó dúró títí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi jìnnà. Lẹ́yìn náà ni ó fi irin gbígbóná kan ìdí asẹ́ náà, ó yọ ọ́, ó wé e sínú bébà kí ó lè dá a padà fún olówó rẹ̀. Ó gé ègé kan lára aṣọ òwú àtijọ́, ó fi í tẹ́ abẹ́ máìkì nínú fìlà, kí lílù náà rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn ló lè ṣe. Abẹ́rẹ́ kúrò lórí ìlà ní ìbú irun kan.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìsìn kún. Abọ́sẹ̀dé jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, àpótí lórí itan rẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan láti inú rẹ̀ lọ sínú fìlà, òmíràn lọ sí ara ògiri níbi tí Ilẹ̀kùn wà. Iná Ilẹ̀kùn wà lókè pẹpẹ, ó jẹ́ búlúù. Tèmídire kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìjọ di ojú. Abọ́sẹ̀dé kò di tirẹ̀.

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e sí àyà.

"Olúwa," ni ó wí, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ọ ní etí wọn, pẹ̀lú gbígbọ̀n rẹ̀ àti èémí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé rí i tí orí ń dìde káàkiri ilé náà, ojú wọn ṣì dì, bí ẹni gbọ́ òórùn oúnjẹ ìgbà èwe. Bàbá dúpẹ́ fún òjò, ó dúpẹ́ fún ògiri tó dí òkun, ó dúpẹ́ fún ọmọ. Iná kò yí padà. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, ó sì gbé èkejì lé Tèmídire lórí.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan irun ọmọ náà, àyà rẹ̀ yára. Kì kì kì kì, ní etí gbogbo èèyàn. Iná fò kúrò ní búlúù, ó di àwọ̀ ọsàn. Abọ́sẹ̀dé di bọ́tìnnì ìyí mú. Bí ó bá yí i sílẹ̀, lílù yóò rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà yóò rì, Ilẹ̀kùn yóò sì tì bákan náà. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe mọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí àpótí.

Bàbá ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé. Ó dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ti múra láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí yóò gbà. Iná náà dúró, ó ń ṣẹ́jú. Kò sí ohun tó wà ní etí ìjọ bí kò ṣe àyà àgbàlagbà kan tó ń lù, ohùn àyálò kò sì mọ bí a ti ń sọ ìyẹn. Tèmídire, láìgbé orí sókè, na ọwọ́ sókè, ó fi di ọrùn ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ mú. Gbogbo wọn gbọ́ ọ bó ti ń falẹ̀. Kì kì. Kì. Kì. Iná náà rọra padà sí búlúù, bí ọ̀run lẹ́yìn òjò.

"Tèmídire," ni Bàbá wí. "Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ lórí omi, kí ó le bí ilẹ̀ tí a bí ọ sí. Bí ìjì bá ń jà, kí ó bá ọ nínú ilé. Oúnjẹ rẹ kò ní korò, oorun rẹ kò ní fọ́. Ọlọ́run tó ṣọ́ mi títí tí irun mi fi funfun, òun ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́. Máa lọ, ọmọ mi. Mo ti rí ọ, ó tó mi."

Tẹ́lẹ̀, Ilẹ̀kùn ló máa ń ṣe Àmín fún ìjọ, ohùn dídán kan fún gbogbo wọn, àwọn èèyàn a kàn mi orí sí i. Lọ́jọ́ náà kò tí ì ṣe é nígbà tí ìyá arúgbó kan níwájú yọ ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe Àmín. Ẹlòmíràn ṣe é, òmíràn ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tó dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣe tirẹ̀. Iná pọ́n, Ilẹ̀kùn tì gbàgà. Ìre náà ti kọjá.

Ní ọ̀sán ni ọkọ̀ dé. Tèmídire dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá bí ọkùnrin, Bàbá sì ní kó dìde kó má baà fi eruku ba aṣọ ìjọba jẹ́. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dígí, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí etí, ó sì tẹ orí sẹ́yìn. Dígí náà nípọn. Kò sí ohùn tó lè gba inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé rí ìka ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí itan rẹ̀ tó ń lù jẹ́jẹ́. Ó ń lù déédéé. Lẹ́yìn náà ó yára. Lẹ́yìn náà ó falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kí ó tó kọjá ìkóríta, Abọ́sẹ̀dé rí i tí ọmọ náà gbé ọwọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀, ó dá ìre náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìka náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.